Bí Mo Ṣe Pín Ìjọba bí Ẹran Ìgbẹ́ ní Ìlú Kò-Gbà

Ẹ jókòó dáadáa o. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lẹ́nu, kó yáa rún un tán, nítorí n kò fẹ́ kí eyín ẹnikẹ́ni máa dá mi lóhùn bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun máa sùn, kó lọ sùn sílé rẹ̀. Èmi Ọdẹ́ṣínà, ọkọ Àṣàbí, ọdẹ tó wọ igbó tí igbó bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, n kì í fi ẹnu mi ṣòfò fún ẹni tó ń hanrun. Oòrùn ṣì wà lókè, àgbàdo ti wọ àká, iṣẹ́ ti tán. Ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe fi ọwọ́ mi méjèèjì yìí pín ìjọba fún àwọn iwin.

Láníhùn, mo rí ọ o. O ti ń yínmú. Máa yín in lọ; tí mo bá dé ibi tó dùn, imú náà á padà sáyè rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé Àṣàbí pẹ́ kó tó bímọ. A wá ọmọ títí. Àwọn ará ilé mi ń kùn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pọn ọmọ kọjá lójú rẹ̀, á kí wọn, á rẹ́rìn-ín sí wọn, bó bá wọ yàrá á sunkún. Ìgbà tó yá, Olódùmarè dá wa lóhùn. Àṣàbí bí obìnrin, ọmọ pupa rọ̀bọ̀tọ̀ tí igbe rẹ̀ ń mi òrùlé. Inú mi dùn débi pé mo gun òrùlé náà lọ yìnbọn sókè, ó sì ń jò lé wa lórí títí di ọdún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a bí ọmọ yìí ni odò Ẹ̀rín gbẹ. Odò tí baba baba wa mu, ó gbẹ pátápátá, ẹja ń jà nínú ẹrẹ̀. Àwọn obìnrin wa ń lọ tọrọ omi mímu nílùú onílùú.

Ẹ mọ èèwọ̀ ilé wa: a kì í fi omi tí a tọrọ sọ ọmọ lórúkọ. Omi odò Ẹ̀rín la fi ń kan ọmọ níwájú orí, òun la fi ń wúre fún un pé omi kì í ní ọ̀tá. Bí ìkómọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìyá Àṣàbí wá bá mi lẹ́yìnkùlé. Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kò sí ohun tí ẹ kò lè mú wálé láti inú igbó. Ó dáa, omi la fẹ́. Ọmọ mi ti retí títí. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ ìkómọ kọjá lórí ọmọ rẹ̀ láìlórúkọ."

Ẹnu mi ló kó bá mi, ẹ ò rí i? Àṣàbí ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó ń wò mí. Mo gbé ọmọ padà fún un, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká.

Mo tọ ipa odò gbígbẹ náà lọ sókè, lọ́nà orísun rẹ̀, títí mo fi wọ Igbó Dì-Mí-Mú. Gbòǹgbò igi inú igbó yẹn ń di èèyàn lẹ́sẹ̀ mú bí ìyàwó tó ń bínú ṣe ń di ọkọ láṣọ mú. Àràbà ńlá kan wé gbòǹgbò mọ́ mi lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó ní ẹ̀ka kan ti ya kúrò lára òun, òun á sì fi mí dí àlàfo rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ìjálá. Mo kì í, mo kì ìyá rẹ̀, mo kì ẹyẹ tó sọ kóró rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Orí àràbà wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ẹni tó bá sì ń jó kò ráyè di ẹnikẹ́ni mú. Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Láti ibẹ̀ mo kan oríta. Òmìrán kan jókòó sí i, ó ga ju ọ̀pẹ lọ, ẹnu méjì ló ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, síbẹ̀ ó rù kan eegun. Iyán wà níwájú rẹ̀, ó ti le. Ẹ̀wà wà níwájú rẹ̀, ó ti kan. Bí ẹnu ọ̀tún bá fẹ́ fi iyán bẹ̀rẹ̀, ẹnu òsì á ké pé irọ́ ni, ẹ̀wà ló kọ́kọ́ kàn. Wọ́n ti jà á títí ebi fi fẹ́ pa wọ́n kú.

"Ọmọ aráyé," ni àwọn méjèèjì wí pọ̀, "nínú àwa méjèèjì, ta ni àgbà?"

Mo wo ilẹ̀, mo rí eegun àwọn tó ti dáhùn. Ẹni tó bá sọ pé ẹnu ọ̀tún ni, ẹnu òsì á gbé e mì. Ẹni tó bá ní ẹnu òsì ni, ọ̀tún á fi í ṣe ìpápánu. Ṣùgbọ́n ẹ wò mí dáadáa. Ṣé ẹ rò pé torí fìlà nìkan ni Ẹlẹ́dàá ṣe fún mi ní orí? Mo bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ọmọdé ni ẹ̀yin méjèèjì. Ikùn yín ni àgbà. Òun lẹ jọ ń ṣiṣẹ́ fún, òun sì ni ìyà ń jẹ bí ẹ ti ń jà."

Ikùn òmìrán kùn gbùùrù, bí ẹni pé ó ń sọ pé, "Ọdẹ, o ṣeun." Ni ẹnu méjèèjì bá rẹ́rìn-ín, ọ̀kan gba iyán, ọ̀kan gba ẹ̀wà, wọ́n jẹun bí ẹni tó ń tún ayé wá. Nígbà tó yó tán, òmìrán yìí fi mí sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé mi kọjá òkè ńlá, ó sọ̀ mí kalẹ̀ lẹ́bàá Ìlú Kò-Gbà, níbi tí odò Ẹ̀rín ti ṣẹ̀. Láníhùn, ṣé imú rẹ ti padà? Ó kù díẹ̀.

Ògiri òkúta kan dábùú odò níbẹ̀. Ilẹ̀kùn irin wà lára ògiri, mo sì ń gbọ́ omi tó ń ru lẹ́yìn rẹ̀. Iwin arúgbó kan jókòó síwájú ilẹ̀kùn, irùngbọ̀n rẹ̀ wọ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ńlá kan sì so mọ́ ìdí irùngbọ̀n náà. Dúró-Gbàṣẹ lorúkọ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn. Ìyàwó mi bímọ, a kò rí omi sọ ọ́ lórúkọ."

"O kú ewu ọmọ. Ọlọ́run á wò ó. Àṣẹ ìjọba dà?"

"Ìjọba wo, Bàbá?"

"Ìjọba èyíkéyìí. Ọba wa wàjà. Òfin ní kí n ti omi pa títí ìjọba tuntun á fi pàṣẹ. Wọ́n dìbò, kò sí ẹgbẹ́ tó rí ju ìdajì àga ìgbìmọ̀ lọ, wọn ò sì gbà láti jọ ṣe é. Ṣé kí n wá gba àṣẹ lọ́wọ́ àga ni?"

Inú bí mi, mo na ìbọn sí ilẹ̀kùn náà. Arúgbó yìí kò tiẹ̀ mira.

Ó ní, "Yìn ín. Ṣebí ìwọ lo ni ìbọn. Bí ọta bá kan ilẹ̀kùn yìí, omi á sá wọ inú òkè lọ, kò sì ní jáde mọ́ láéláé."

Mo rọra sọ ìbọn kalẹ̀. Mo ní kó júwe gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ fún mi.

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ariwo! Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Àwọn Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn ló fi díẹ̀ pọ̀ jù. Ìbàdí wọn ń kan àjà, wọn kò lè dúró lójú kan, "Ká lọ! Ká lọ!" lorin wọn. Yára-Má-Wẹ̀yìn ni olórí wọn. Àwọn Olójú-Ẹ̀yìn ló tẹ̀ lé wọn. Ìpàkọ́ ni ojú tiwọn wà, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń rí, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí wọn kò ní fi "láyé àwọn baba wa" bẹ̀rẹ̀. Rántí-Àná ni olórí wọn. Àwọn Elétí-Ńlá kò tó nǹkan. Etí wọn fẹ̀ bí ewé kókò, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyá arúgbó kan ni olórí wọn, Ìyá Gbọ́-Tán, ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń hun agbọ̀n.

Kí ni wọ́n ń jà sí? Àwọn Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn ti búra fún àwọn tó dìbò fún wọn pé àwọn á la ọ̀nà tààrà láti ìlú dé òkè. Àwọn Olójú-Ẹ̀yìn ti búra pé ẹnikẹ́ni kò ní gé igi kan nínú igbó tí wọ́n sin àwọn baba ńlá wọn sí, bẹ́ẹ̀ àárín igbó yìí gan-an ni ọ̀nà máa gbà. Agogo ńlá àwọn Olójú-Ẹ̀yìn sì ń dún lọ́sàn-án gbogbo, ó fẹ́ ya àwọn Elétí-Ńlá ní wèrè. Wọn kò lè jọ jókòó, wọn kò lè dá ṣe é. Ìwòyí ni ọmọ mi wà nílé láìlórúkọ!

Mo gun orí tábìlì, mo ké: "Ẹ dákẹ́! Ọdẹ́ṣínà lèmi!" Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ bí ẹni pé ó yẹ kí wọ́n mọ̀ mí, wọ́n sì dákẹ́.

Mo bi Yára-Má-Wẹ̀yìn pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ọ̀nà yín kò lè yà ni?"

"Kó yà kẹ̀? A ti búra!"

"Ẹ búra pé ẹ máa dé òkè. Àwa ọdẹ kì í la ọ̀nà gba àárín òkìtì ọ̀gán kọjá. À ń yí ọ̀gán ká, a sì ń dé oko. Ṣé ẹsẹ̀ tó gùn báyìí ni ìyípo díẹ̀ máa rẹ̀?"

Àwọn èèyàn rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, èkejì rẹ́rìn-ín. Yára-Má-Wẹ̀yìn fi ọwọ́ nu ojú, ó ní ó dáa, ọ̀nà á yí igbó ká, ṣùgbọ́n kí Rántí-Àná náà yọ̀ǹda nǹkan kan. Ẹyọ ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí. Rántí-Àná fa imú títí, ó kẹ̀yìn sí mi kí ojú rẹ̀ lè rí mi dáadáa, ó ní àwọn á máa lu agogo náà lọ́jọ́ ọdún nìkan. Ní kọ̀rọ̀, gbogbo etí ńlá wọ̀nyẹn mì jẹ̀jẹ̀ fún ayọ̀, afẹ́fẹ́ wọn sì tù mí lára.

Mo rò pé ó ti bùṣe. Àṣé ìjà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ta ni yóò dé adé? Ta ni yóò mú àká oúnjẹ, ta ni yóò mú ibodè? Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe tó jẹ́ pé ọdẹ nìkan ló lè ṣe é. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká pín in bí àwa ọdẹ ṣe ń pín ẹran. Ẹni tí ọta rẹ̀ bá kọ́kọ́ ba ẹran ló ń gbé orí àti itan."

Yéè! Ni Yára-Má-Wẹ̀yìn bá fò sókè: "Àwa ni! Àwa la kọ́kọ́ jáde tọrọ ìbò!" Rántí-Àná ní, "Irọ́! Láyé àwọn baba wa, kí wọ́n tó bí yín, àwa la tẹ ìlú yìí dó!" Kódà àwọn Elétí-Ńlá ní àwọn ló kọ́kọ́ gbọ́ ìró ìbọn. Àpótí ìjókòó ń fò, bàtà ń fò. Mo wọ abẹ́ tábìlì. Ẹ má wulẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín; ọgbọ́n ló gbé mi débẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rù.

Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, Yára-Má-Wẹ̀yìn tẹ̀ ba, ó bẹ̀ mí wò lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Àlejò, a kò lè fún ara wa. Ìwọ wá jẹ ọba náà."

Wọ́n gbé adé wá. Iyùn ni, iyùn pupa yòò, àwọn ẹyẹ kéékèèké tó wà lára rẹ̀ ń kọrin. Kí n má parọ́ fún yín, mo ti ń yọ fìlà! Mo ti ń ronú irú ohùn tí màá máa fi dá ìyàwó mi lóhùn. Mo wá bi wọ́n bóyá ọba wọn máa ń lọ sílé wò. Wọ́n ní ẹni tó bá dé e kì í jáde nílùú mọ́ títí ó fi máa wàjà. Ojú Àṣàbí ló yọ sí mi, bó ṣe gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ tí kò sọ̀rọ̀. Mo dé fìlà mi padà. Mo ní, "Ẹ ṣeun o, adé yẹn kò bá aṣọ mi mu."

Ìgbà yẹn ni orí mi wálé. Mo ní, "Mo ṣì í sọ. Bí a bá jọ pa ẹran, tí a kò mọ ọta ẹni tó pa á, àṣà kan wà. Ẹni tó kéré jù láàárín wa ló máa pín in, òun náà ló sì máa mú ìpín tirẹ̀ kẹ́yìn. Bó bá pín in burúkú, ara rẹ̀ ló ṣe é sí."

Gbogbo ojú yí sí ẹgbẹ́ tó kéré jù ní kọ̀rọ̀, àwọn kan yí ìpàkọ́ síbẹ̀. Ìyá Gbọ́-Tán fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra dìde, ó to agbọ̀n mẹ́ta sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, nínú agbọ̀n yìí, mo kó ọ̀nà, ibodè àti àwọn ẹ̀ṣọ́ sí i. Nínú èkejì, àká oúnjẹ, igbó àwọn baba ńlá àti ilé ẹjọ́. Nínú ẹ̀kẹta, adé àti omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú adé kò gbọ́dọ̀ la ẹnu ní ìgbìmọ̀ títí àwọn méjì tó kù á fi sọ tiwọn tán. Gbogbo ẹni tí ìyà bá jẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á wá sunkún sí, kò gbọ́dọ̀ lé wọn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, òun la máa bú. Bó bá dára, gbogbo wa la jọ ṣe é. Ó yá, ẹ mú."

Yára-Má-Wẹ̀yìn ló pọ̀ jù, òun ló kọ́kọ́ mú. Ọwọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí adé, ó dúró lókè. "Kí n dákẹ́? Èmi?" Ó gbé agbọ̀n ọ̀nà, ó sáré padà sáyè rẹ̀. Rántí-Àná na ọwọ́ sí adé, òun náà dúró. "Kí wọ́n máa wá sunkún nílé mi láàárọ̀? Láyé àwọn baba wa, àárọ̀ la fi ń sùn." Ó gbé agbọ̀n àká. Ó wá ku adé nìkan. Ìyá arúgbó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi dé orí láàárín etí ńlá méjì. Ó bá a mu rẹ́gí.

Mo súnmọ́ ọn. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ ti mọ̀ pé wọn kò ní mú u."

"Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ wọn," ni ó rọra sọ sí mi létí, ó sì ṣẹ́jú sí mi.

"Ẹ wá pàṣẹ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn omi, Ìyá."

Ó gbé ìka lé ètè. Àgbákò! Mo gbàgbé. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ní ìgbìmọ̀ títí àwọn méjèèjì á fi sọ tiwọn tán, Yára-Má-Wẹ̀yìn sì ti dìde láti dúpẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì. Bó ti ń mí, Rántí-Àná gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ti orí baba ńlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oòrùn ń lọ. Mo bá òmìrán sọ̀rọ̀, n kò bẹ̀rù. Àràbà dì mí mú, n kò bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ àwọn olóṣèlú yẹn fẹ́ pa mí. Mo kúnlẹ̀ sáàárín wọn. N kò ṣe fọ́ńté mọ́, mo bú sẹ́kún.

Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣàánú mi. Ìyàwó mi sunkún ọmọ títí. Ọmọ dé. Ọ̀la ni ìkómọ. Bí omi kò bá dé, a kò ní rí orúkọ sọ ọ́."

Omijé ń ṣàn lójú Rántí-Àná, ó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mo ti sọ tèmi tán." Yára-Má-Wẹ̀yìn fò dìde, ó ní, "Irọ́! Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ tèmi tán!" Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹgbẹ́ méjì tó ń jà nítorí ẹni tó máa kọ́kọ́ dákẹ́.

Ìyá Gbọ́-Tán la ẹnu. Ó ní, "Ṣí i."

Lẹ́bàá odò, Dúró-Gbàṣẹ ti fi kọ́kọ́rọ́ irùngbọ̀n rẹ̀ ṣílẹ̀kùn kí ọ̀rọ̀ náà tó délẹ̀. Omi bú jáde, ó ń hó, ó ń fò! Yára-Má-Wẹ̀yìn fi mí há abíyá, ó gbé Rántí-Àná lé èjìká, ó sáré. Òun ń wo iwájú, Rántí-Àná ń wo ẹ̀yìn, ó ń ké pé, "Omi ń bọ̀! Ó ti yí àpáta ká! Ó ti wọ igbó! Ẹ má dúró!" Àwọn ọ̀tá àná! Wọ́n ń kọrin, mo ń gbè é, títí a fi dé ẹ̀yìn ìlú wa. Iwin kì í wọ ìlú èèyàn, torí náà wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n padà. Èmi àti odò Ẹ̀rín la jọ wọ ìlú láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ.

Ẹ̀yin tó wà níbẹ̀, ẹ rántí bí gbogbo ìlú ṣe bọ́ sódò pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn. Ìyá Àṣàbí gbé abọ́ omi wọlé. Gbogbo ilé ń retí kí n wá pariwo orúkọ gígùn kan lé ọmọ lórí, wọ́n kúkú mọ ẹnu mi. Mo wo Àṣàbí. Mo ní, "Ìyá ọmọ ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Àna mi fẹ́rẹ̀ẹ́ da omi nù. Àṣàbí ti ìka bọ omi, ó kàn án mọ́ ọmọ níwájú orí, ó ní, "Omíyalé." Nígbà tí gbogbo ilé dáhùn pé àṣẹ, ẹkún ayọ̀ ni èmi ń sun.

Omíyalé náà ló jókòó síbẹ̀ yẹn o, tó pọn ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn, tó ń fi mí rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í bóyá mo parọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní òun kò rántí! Omíyalé, dìde jàre, lọ bu omi wá fún bàbá rẹ.